Adìẹ Australorp dára, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ lé lùkúlùkú jìnnà

Ká kọ́kọ́ lé akátá jìnnà ná, ká tó wá fàbọ̀ bá adìẹ. Òwe àwọn baba wa nìyí, ó sì bá ohun tí a fẹ́ gbé yẹ̀ wò lónìí mu wẹ́kú. Láti Ìkéré dé Ìsẹ̀, láti Ìsẹ̀ dé Èmùré, àti ní gbogbo abúlé tó wà ní gúúsù Ìpínlẹ̀ Èkìtì, ó ṣòro kéèyàn wọ agbo ilé kan kó má bá adìẹ tó ń tú ilẹ̀ ní ẹ̀yìnkùlé. Ìyá àgbà tí gbogbo ọmọ rẹ̀ ti lọ sí Èkó àti Àkúrẹ́ lè má ní ìwé báǹkì, ṣùgbọ́n yóò ní àgbébọ̀ mẹ́ta tàbí mẹ́rin. Bí ara rẹ̀ kò bá yá, àkùkọ kan ni yóò kì mọ́lẹ̀ tí yóò gbé lọ sí ọjà fún owó oògùn. Bí ọmọ-ọmọ bá fẹ́ san owó ilé ìwé, adìẹ náà ni. Bí àlejò bá yà lójijì, adìẹ náà ni. Ìdí nìyí tí kò fi yẹ ká fojú kékeré wo ọ̀rọ̀ adìẹ ẹ̀yìnkùlé.

Ìbéèrè tí àwọn tó ń sin adìẹ máa ń kọ́kọ́ béèrè ni pé irú adìẹ wo ni àwọn lè rà, tí yóò tóbi, tí yóò sì máa yé ẹyin ju èyí tí àwọn bá lọ́wọ́ àwọn òbí àwọn lọ. Lára orúkọ tí wọ́n máa ń gbọ́ ni Australorp, adìẹ dúdú kan tó ti ilẹ̀ Ọsirélíà wá. A óò sọ ìtàn adìẹ náà, a óò sì sọ ohun tó lè ṣe àti ohun tí kò lè ṣe ní ẹ̀yìnkùlé wa. Ṣùgbọ́n kí ọ̀rọ̀ má baà gùn jù, ẹ jẹ́ ká ti sọ kókó rẹ̀ níbẹ̀rẹ̀: kì í ṣe pé adìẹ wa kò yé ẹyin tó ni ìṣòro àkọ́kọ́. Ikú ni. Ẹni tí kò bá tíì dí ọ̀nà ikú, kó má tíì náwó lórí adìẹ tuntun.

Ibi tí Australorp ti ṣẹ̀ wá

Ìlú kékeré kan wà ní ẹkùn Kent nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láyé ìgbà náà tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Orpington. Ibẹ̀ ni ọkùnrin kan tó ń jẹ́ William Cook ti pa oríṣi adìẹ mẹ́ta pọ̀ ní ọdún 1886, tó sì rí adìẹ dúdú kan tó lẹ́ran lára, tó tún ń yé ẹyin dáadáa. Orúkọ ìlú náà ló sọ adìẹ ọ̀hún. Kò pẹ́ tí wọ́n fi kó àwọn adìẹ yìí wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sí Ọsirélíà. Àwọn ará Gẹ̀ẹ́sì tó ṣẹ́ kù sílé ń wá ìyẹ́ tó pọ̀ àti ẹwà fún ìdíje, ṣùgbọ́n ẹyin ni àwọn àgbẹ̀ Ọsirélíà ń wá ní tiwọn. Àgbébọ̀ tó bá yé ẹyin jù ni wọ́n ń fi ẹyin rẹ̀ pamọ, ọdún dé ọdún, títí adìẹ tiwọn fi yàtọ̀. Wọ́n pa orúkọ méjèèjì pọ̀, Ọsirélíà àti Orpington, ó di Australorp.

Ohun tó gbé orúkọ adìẹ náà káyé ni ìdíje ẹyin yíyé kan tí wọ́n ṣe ní ìlú Geelong ní Ọsirélíà ní ọdún 1922 sí 1923. Àgbébọ̀ Australorp mẹ́fà ló yé ẹyin 1,857 láàárín ọjọ́ 365. Bí a bá pín in, ó ju ẹyin 309 lọ fún adìẹ kọ̀ọ̀kan. Nígbà náà, kò sí iná mànàmáná tí wọ́n ń tàn sí adìẹ lórí láti mú un yé ẹyin. Àkùkọ rẹ̀ tó dàgbà máa ń tó kílò mẹ́rin, àgbébọ̀ rẹ̀ sì máa ń tó kílò mẹ́ta. Ẹyin rẹ̀ jẹ́ aláwọ̀ ilẹ̀, ara rẹ̀ balẹ̀, kì í sì í sá kiri bí tiwa.

Ohun kan tún wà tó yẹ kí olóko mọ̀ nípa rẹ̀. Ojúlówó ìran adìẹ ni, kì í ṣe àdàlù tí ilé iṣẹ́ pa pọ̀ fún ọdún kan péré. Èyí túmọ̀ sí pé bí akọ àti abo Australorp bá gun ara wọn, ọmọ wọn yóò jọ wọ́n. Adìẹ ágíríìkì tí wọ́n ń tà lọ́jà kò rí bẹ́ẹ̀. Àdàlù ni ọ̀pọ̀ nínú wọn, bí o bá sì fi ẹyin wọn pamọ, ọmọ tí o máa rí kò ní ṣe bí ìyá rẹ̀.

Ohun tí ojú àwọn ará Malawi rí

Kì í ṣe ọ̀rọ̀ àlá ni pé kí wọ́n gbé Australorp wọ abúlé ilẹ̀ adúláwọ̀. Orílẹ̀-èdè Malawi, ní apá gúúsù ìlà oòrùn Áfíríkà, ti ṣe é fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ìjọba wọn ń sin Australorp dúdú ní ibùdó rẹ̀ tó wà ní Mikolongwe, wọ́n sì ń tà á fún àwọn ará oko kí wọ́n lè fi àkùkọ rẹ̀ gun adìẹ ìbílẹ̀ wọn. Ó di mọ́lẹ̀ débi pé Mikolongwe ni ọ̀pọ̀ ará abúlé ń pe adìẹ náà fúnra rẹ̀.

Ọmọ tí wọ́n bí láàárín àwọn méjèèjì tóbi ju adìẹ ìbílẹ̀ lọ, ó sì ń yé ẹyin jù ú lọ. Ṣùgbọ́n àrùn tó ń pa adìẹ ìbílẹ̀ ní abúlé kò mọ àlejò yàtọ̀ sí onílé. Bí àrùn náà bá dé, a máa pa adìẹ olówó ńlá bó ṣe ń pa ti ọ̀fẹ́. Àgbẹ̀ tó ra mẹ́rin tí mẹ́rin kú, òfò rẹ̀ ju ti ẹni tó ń sin èyí tó bá nílé lọ. Bẹ́ẹ̀ náà ló rí ní ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè Áfíríkà mìíràn tí ìjọba ti ń gba àkùkọ ìbílẹ̀ lọ́wọ́ àwọn ará oko tí wọ́n sì ń fi àkùkọ òyìnbó rọ́pò rẹ̀. Ìran adìẹ nìkan ni wọ́n mú wá. Oògùn, ilé àti ìmọ̀ kò bá a dé.

Nàìjíríà náà kò fọwọ́ lẹ́rán

Àwọn onímọ̀ wa náà ti ṣe gudugudu méje. Ní Yunifásítì Obafemi Awolowo tó wà ní Ilé-Ifẹ̀ ni wọ́n ti ṣe ìpàdé àpérò ńlá kan ní oṣù Kọkànlá ọdún 1989 lórí adìẹ abúlé nílẹ̀ Áfíríkà. Ibẹ̀ ni wọ́n ti dá ẹgbẹ́ àwọn tó ń ṣe ìwádìí lórí adìẹ ìgbèríko sílẹ̀, ẹgbẹ́ náà sì ti di ti gbogbo àgbáyé láti ìgbà náà. Ọ̀jọ̀gbọ́n Funso Sonaiya ti yunifásítì náà wà lára àwọn tó ṣíwájú nínú iṣẹ́ yìí. Òun àti akẹgbẹ́ rẹ̀ kan ló kọ ìwé ìtọ́sọ́nà lórí ọ̀sìn adìẹ kéékèèké tí àjọ FAO tẹ̀ jáde ní ọdún 2004.

Ilé iṣẹ́ ìwádìí NAPRI tó wà ní Shika lẹ́bàá Zaria ló mú Shika Brown jáde. Yunifásítì iṣẹ́ ọ̀gbìn tó wà ní Abẹ́òkúta ló sin FUNAAB Alpha láti inú adìẹ ìbílẹ̀ wa àti ti òkèèrè, ìjọba àpapọ̀ sì fọwọ́ sí i ní ọdún 2018. Ilé iṣẹ́ Amo tó wà ní Awẹ́ ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ ló ń pa Noiler, tí ọ̀pọ̀ èèyàn ti mọ̀ dáadáa. FUNAAB Alpha àti Noiler ni wọ́n ṣe fún ẹ̀yìnkùlé, kì í ṣe fún ilé adìẹ ńlá.

Nígbà tí àwọn onímọ̀ fẹ́ dán irú àwọn adìẹ yìí wò ní abúlé Nàìjíríà, Tanzania àti Ethiopia nínú ètò ńlá kan tó bẹ̀rẹ̀ ní nǹkan bí ọdún 2015, ẹ wo ohun tí wọ́n ṣe. Wọn kò pín òròmọdìẹ ọlọ́jọ́ kan fún ẹnikẹ́ni. Wọ́n kọ́kọ́ tọ́ wọn fún nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, wọ́n fún wọn ní oògùn àjẹsára, kí wọ́n tó pín wọn fún àwọn ará abúlé. Àwọn tó mọ̀ jù lọ nípa ìran adìẹ gan-an mọ̀ pé akátá ni ká kọ́kọ́ lé.

Ká má kẹ́gàn adìẹ tiwa

Adìẹ ń làágùn, ìyẹ́ ni kò jẹ́ ká mọ̀. Àgbébọ̀ ìbílẹ̀ kì í sábà yé ju ẹyin 40 sí 60 lọ lọ́dún, nítorí náà ni ọ̀pọ̀ èèyàn fi ń pè é ní ọ̀lẹ. Ṣùgbọ́n ẹ ka iṣẹ́ tó ń ṣe. Yóò yé bí ẹyin 8 sí 12, yóò sàba lé wọn fún ọjọ́ 21, yóò pamọ, yóò tún da àwọn ọmọ rẹ̀ kiri fún oṣù méjì sí mẹ́ta, kó tó tún bẹ̀rẹ̀ sí í yé. Láàárín gbogbo ìgbà tó fi ń ṣe ìyá yìí, kò lè yé ẹyin. Kò gba oúnjẹ ọjà, kò gba iná, kò gba ẹ̀rọ ìpamọ. Òun fúnra rẹ̀ ni ẹ̀rọ ìpamọ.

Adìẹ tí wọ́n sin fún ẹyin kì í sábà fẹ́ sàba. Ẹni tó bá kó gbogbo adìẹ ìbílẹ̀ rẹ̀ tà láti fi ra ti òkèèrè, kó múra láti máa ra òròmọdìẹ ní gbogbo ìgbà. A tún ní adìẹ aṣá tí ìyẹ́ rẹ̀ ká sókè àti abọlọ́rùn tí kò níyẹ̀ẹ́ lọ́rùn. Àwọn kan ń fi wọ́n ṣe ẹlẹ́yà, bẹ́ẹ̀ àwọn onímọ̀ ti rí i pé ìyẹ́ tó dín kù lára wọn ń jẹ́ kí ooru inú ara wọn tètè jáde, èyí tó ń jẹ́ kí wọ́n lè fara da oòrùn ju àwọn yòókù lọ.

Nítorí náà, ẹ jẹ́ ká ṣe ìṣirò kan. Ká ní àgbébọ̀ ìbílẹ̀ kan sàba lé ẹyin 12, ó sì pa 10. Bí ó ti ń rí ní ọ̀pọ̀ agbo ilé, kí oṣù méjì tó pé, àṣá ti gbé méjì, òjò ti pa méjì, àìsàn ti pa mẹ́ta. Ó ku mẹ́ta. Bí ó bá pamọ lẹ́ẹ̀mẹta lọ́dún, adìẹ mẹ́sàn-án ni olówó rẹ̀ máa rí. Ká wá ní ó dáàbò bo àwọn ọmọ náà tó bẹ́ẹ̀ tí méje fi ń yè nínú mẹ́wàá. Adìẹ 21 ni yóò rí lọ́dún náà láti ara ìyá kan ṣoṣo. Kò ra adìẹ tuntun, kò sì yí ìran padà. Ikú ló dí.

Lùkúlùkú ni akátá gidi

Gbogbo wa la mọ̀ ọ́n. Bí ọyẹ́ bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ́, adìẹ kan yóò dédé wúyẹ́, yóò máa ya ìgbẹ́ olómi aláwọ̀ ewé, yóò máa mí gúlegúle. Ẹlòmíràn yóò lọ́ ọrùn sẹ́yìn bí ẹni ń wo òkè ọ̀run, tàbí kó máa yí po. Kí ọ̀sẹ̀ kan tó pé, agbo ilé ti dá páropáro. Lùkúlùkú nìyẹn, èyí tí àwọn dókítà ẹran ń pè ní Newcastle. Ọdún 1926 ni wọ́n kọ́kọ́ dá a mọ̀ ní erékùṣù Java àti ní ìlú Newcastle nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ibẹ̀ ló ti gba orúkọ. Ní ti Nàìjíríà, Ìbàdàn àti agbègbè rẹ̀ ni wọ́n ti kọ́kọ́ kọ ọ́ sílẹ̀ nínú ìwé, láàárín oṣù Kejìlá ọdún 1952 sí oṣù Kejì ọdún 1953. Ẹ kíyè sí àwọn oṣù náà. Àsìkò ọyẹ́ náà ni.

Kò sí oògùn tó ń wo lùkúlùkú sàn. Ata gígún, ewúro àti kápúsù tí a ń já sínú omi wọn kò lè pa á, nítorí kòkòrò tó ń fà á kò gbọ́ ti irú oògùn bẹ́ẹ̀. Ìwà kan sì wà tó ń ràn án lọ́wọ́: bí a bá ti rí i pé àìsàn ti wọ ilé, a máa ń sáré kó èyí tó ṣẹ́ kù lọ sí ọjà. Ẹni tó rà á ní ọjà Ìkéré yóò gbé e lọ sí Èmùré, àrùn náà yóò sì tẹ̀lé e wọ agbo ilé mìíràn. Àsìkò ọdún Kérésìmesì tí adìẹ ń ti ìlú kan bọ́ sí ìlú kejì jù lọ ni ọyẹ́ ń fẹ́ jù lọ.

Oògùn àjẹsára wà, ó sì rọrùn

Bí kò bá sí ìwòsàn, ìdènà wà. Ó sì jọni lójú pé Ọsirélíà tó fún wa ní Australorp náà ló tún fún wa ní ọ̀kan nínú àwọn oògùn àjẹsára tó bá abúlé mu jù lọ. Ọ̀jọ̀gbọ́n Peter Spradbrow àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Queensland ló ṣe èyí tí wọ́n ń pè ní I-2. Àwọn oògùn àjẹsára àtijọ́ kò fẹ́ ooru rárá, bí fíríìjì bá ti kú, wọ́n ti bàjẹ́ nìyẹn. I-2 lè fara da ooru díẹ̀ jù wọ́n lọ, ìdí nìyẹn tó fi wọ àwọn abúlé Mozambique àti Tanzania tí kò níná mànàmáná. Ilé iṣẹ́ ìwádìí ìṣègùn ẹran ti ìjọba àpapọ̀ tó wà ní Vom lẹ́bàá Jos, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ọdún 1924, ń ṣe é níbí, wọ́n sì ń ṣe La Sota àti àwọn yòókù pẹ̀lú. Síbẹ̀, kí ẹni tó bá gbé I-2 má gbé e sínú oòrùn o. Kó fi aṣọ tútù wé e, kó gbé e sí ibòòji, kó sì lò ó kíákíá bí ó bá ti pò ó.

Ẹ̀kán kan ṣoṣo ní ojú kan ni. Ọmọ kékeré di adìẹ mú, àgbàlagbà kán an sí i lójú, ó dúró kí ó ṣẹ́ ojú, ó parí. Ìwọ̀n kan náà ni fún òròmọdìẹ àti àkùkọ. Ohun mẹ́rin ló yẹ ká rántí:

Èkíní, adìẹ tí ara rẹ̀ le ni ká fún. Èyí tí àrùn ti mú, ó ti bọ́.

Èkejì, agbára oògùn náà kì í wọ ara lọ́jọ́ kan. Ó tó ọ̀sẹ̀ méjì. Nítorí náà, oṣù Kẹwàá ni ká ti fún wọn, ká má dúró de ọyẹ́.

Ẹ̀kẹta, agbára rẹ̀ máa ń dín kù. Ká tún un ṣe ní oṣù mẹ́ta sí mẹ́rin. Bí a bá fún wọn ní oṣù Kẹwàá, ká tún fún wọn ní oṣù Kejì, ká sì tún fún wọn ní oṣù Kẹfà. Àwọn òròmọdìẹ tí a pa lẹ́yìn náà yóò wà nínú èyí tó tẹ̀ lé e.

Ẹ̀kẹrin, ìgò kan máa ń ju iye adìẹ ilé kan lọ. Ibi tí ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń sọ̀rètí nù nìyí. Ẹni tó ní adìẹ méje kò ní ra ìgò tó tó fún adìẹ bí igba. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà. Kí agbo ilé bíi mẹ́wàá dáwó jọ, kí wọ́n mú àárọ̀ kùtùkùtù kan, kí wọ́n má tíì ṣí adìẹ jáde, kí wọ́n sì gba ojúlé dé ojúlé. Ẹgbẹ́ obìnrin ìjọ, ẹgbẹ́ àdúgbò tàbí ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù lè ṣe é. Àǹfààní rẹ̀ ju owó lọ: bí adìẹ rẹ bá gba oògùn tí ti aládùúgbò rẹ kò gbà, àrùn ṣì wà lẹ́nu ọ̀nà rẹ.

Ọ́fíìsì ìṣègùn ẹran ti ìjọba ìbílẹ̀ àti àwọn òṣìṣẹ́ ADP ni kí ẹ kọ́kọ́ lọ bá. Ẹ má ra oògùn tí kò wà nínú fíríìjì tàbí kúlà lọ́wọ́ ẹni tó ń kiri lójú oòrùn.

Ọ̀rọ̀ kan tún kù níbí. Àìsàn kan tún wà tó jọ lùkúlùkú, ìyẹn àrùn ọ̀fìnkìn adìẹ tí wọ́n ń pè ní bird flu, tó kọ́kọ́ wọ Nàìjíríà ní oṣù Kejì ọdún 2006 ní oko kan ní Ìpínlẹ̀ Kàdúná. Ó lè ran èèyàn. Nítorí náà, bí adìẹ bá ń kú lọ́pọ̀ lójijì, ẹ má fi ọwọ́ lásán gbé e, ẹ má pa á jẹ, ẹ má jẹ́ kí ọmọdé fi ṣeré. Ẹ sun ún tàbí kí ẹ rì í mọ́lẹ̀ jìn, kí ẹ sì ránṣẹ́ sí dókítà ẹran.

Òròmọdìẹ ni kí a ṣọ́

Lẹ́yìn lùkúlùkú, ọ̀sẹ̀ mẹ́rin àkọ́kọ́ ni òròmọdìẹ ń kú jù. Àgò tí àwọn ìyá wa fi ń dé adìẹ kì í ṣe ohun àtijọ́ tí ó yẹ ká sọ nù. Ẹ fi dé ìyá àti ọmọ pọ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí mẹ́rin, ẹ máa gbé e kiri orí ilẹ̀ gbígbẹ, kí àṣá má rí wọn gbé, kí òjò má pa wọ́n. Ẹ fi àlàfo sílẹ̀ tí òròmọdìẹ lè gbà kọjá lọ sí ibi oúnjẹ wọn kí ìyá má bá wọn jẹ ẹ́ tán. Àgbàdo lílọ̀ díẹ̀, èérí ògì àti ikán tí a wú láti inú ilé rẹ̀ tó fún wọn. Ikán yìí ni ẹran tiwọn, òun ló ń jẹ́ kí wọ́n tètè hu ìyẹ́. Bí ilẹ̀ bá tutù tí ìgbẹ́ wọn sì ní ẹ̀jẹ̀, àìsàn inú ni. Ẹ kó wọn kúrò níbẹ̀, kí ẹ sì béèrè oògùn lọ́wọ́ dókítà ẹran.

Bí ọ̀sẹ̀ mẹ́rin bá pé, ẹ ya ìyá kúrò lára wọn. Kò ní pẹ́ tí yóò fi tún bẹ̀rẹ̀ sí í yé. Ọgbọ́n mìíràn ni pé bí àgbébọ̀ mẹ́ta bá fẹ́ sàba ní àsìkò kan náà, kí ẹ gbé ẹyin sí abẹ́ wọn lọ́jọ́ kan náà. Bí wọ́n bá pa, ẹ kó gbogbo ọmọ fún ẹyọ kan tàbí méjì, kí ìkẹta padà sídìí ẹyin yíyé. Ẹyin tí ẹ fẹ́ fi pamọ kò gbọdọ̀ ju ọjọ́ méje lọ nílẹ̀, ẹ gbé ṣóńṣó rẹ̀ sísàlẹ̀, kí ó wà níbi tó tutù. Bí ó bá di ọjọ́ keje lábẹ́ adìẹ, ẹ fi tọ́ọ̀ṣì wò ó lálẹ́. Èyí tó ní òpó ẹ̀jẹ̀ tínínrín ti di ọmọ. Èyí tó mọ́ gaara kò ní di nǹkan kan, ẹ mú un kúrò.

Nísinsìnyí, ẹ lè wá adìẹ tuntun

Ẹni tí adìẹ rẹ̀ ti ń la ọyẹ́ méjì kọjá láìkú, òun ni ó tó láti náwó lórí ìran. Àkùkọ ni kó kọ́kọ́ rà, nítorí àkùkọ kan tó fún àgbébọ̀ mẹ́jọ sí mẹ́wàá. Kó kó àwọn àkùkọ ìbílẹ̀ tà tàbí kó pa wọ́n jẹ, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, àwọn ni yóò ṣáájú àlejò gun adìẹ. Ọmọ àkọ́kọ́ tí wọ́n bá bí ló máa ń dára jù: yóò gba ìwọ̀n lára bàbá, yóò sì gba ìfaradà lára ìyá. Bí a bá wá ń jẹ́ kí àwọn ọmọ yìí máa gun ara wọn, àǹfààní náà yóò máa dín kù. Nítorí náà, kí a pààrọ̀ àkùkọ lẹ́yìn ọdún kan sí méjì, kí bàbá má baà máa gun ọmọ tirẹ̀. Ẹ lè fi ẹnì kan ní abúlé kejì ṣe pàṣípààrọ̀, kò ní ná yín ní kọ́bọ̀.

Ẹni tó bá ní ẹyin Australorp tàbí ti FUNAAB Alpha, kó gbé e sí abẹ́ àgbébọ̀ ìbílẹ̀. Òun ni ìyá alágbàtọ́ tó dára jù, kò sì ní béèrè ẹni tó ni ọmọ.

Bí ẹnikẹ́ni bá sì gbé adìẹ dúdú wá tó ní Australorp ni, ẹ yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa. Kì í ṣe gbogbo adìẹ dúdú ni Australorp. Àwọn adìẹ ágíríìkì dúdú tí wọ́n ń pè ní Nera wà lọ́jà, wọ́n sì máa ń ní ìyẹ́ pupa díẹ̀ lọ́rùn. Ojúlówó Australorp dúdú délẹ̀, ìyẹ́ rẹ̀ a máa kọ yànrànyànràn bí àwọ̀ ewé lójú oòrùn, ẹsẹ̀ rẹ̀ dúdú ṣùgbọ́n àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ funfun, ogbe rẹ̀ pupa, ó nà sókè, ẹyọ kan ṣoṣo ni, ẹyinjú rẹ̀ sì dúdú. Ó wúwo, kò lè fò bíi tiwa, nítorí náà ẹ fi igi tí yóò bà lé lálẹ́ sí ìsàlẹ̀, kí ẹ sì ti ilẹ̀kùn nítorí ẹtà àti ejò. Ara dúdú a máa fa ooru, kò gbọ́dọ̀ wà níbi tí kò sí ibòòji igi àti omi tútù.

Adìẹ tó bá ń yé ẹyin púpọ̀ kò lè fi èyí tó bá ṣà jẹ nílẹ̀ nìkan gbé ara. Ẹni tó bá ra Australorp tó sì ń bọ́ ọ bí adìẹ ìbílẹ̀, ẹyin adìẹ ìbílẹ̀ náà ni yóò rí. Èèpo ẹ̀gẹ́ tí a sá gbẹ dáadáa, àgbàdo, pàǹtí ẹ̀kùrọ́ tí wọ́n ti fún àdí rẹ̀, ẹ̀wà sóyà tí a yan àti ikán, gbogbo rẹ̀ wà ní àyíká wa. Karahun ìgbín tí a sun tí a sì gún ni yóò mú èèpo ẹyin le. Àgbàdo tó ti bu, ẹ má fún adìẹ, májèlé ni.

Ẹ̀yin òǹkàwé wa, a kò ní kí ẹnikẹ́ni má wá adìẹ tó dára. Àwọn àgbẹ̀ Ọsirélíà tó sin Australorp kò gbà á lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni gẹ́gẹ́ bí ẹ̀bùn. Èyí tó yè, tó sì yé jù ni wọ́n ń ṣà, ọdún dé ọdún, títí ó fi di ohun tí ayé ń wá. Àwa náà lè fi adìẹ tiwa ṣe é. Ṣùgbọ́n adìẹ tó ti kú kò ṣeé ṣà. Kí oṣù Kẹwàá tó dé, ẹ ka adìẹ tó wà ní agbo ilé yín, ẹ ka ti àwọn aládùúgbò yín mọ́ ọn, ẹ dáwó ìgò oògùn kan, kí ẹ sì yan ẹni tí yóò lọ gbà á wá láti ọ́fíìsì ìṣègùn ẹran. Bí ọyẹ́ bá kọjá tí wọ́n ṣì pé síbẹ̀, ìgbà náà ni kí ẹ wá béèrè ibi tí wọ́n ti ń ta àkùkọ Australorp.